Orí Kẹrin: Dọ́ńkwá, Àádùn àti Ìpápánu tí Kò Ní Padà Sórí Iná

Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ohun tí a ń rà wọ Abereke, ìlú wa létí òkun ní Ìlàjẹ: ìrẹsì, kẹrosíìnì, àgbàdo, títí dé omi inú ọ̀rá. Apẹja á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, oòrùn sì lè wọ̀ kó tó padà dé. Obìnrin tó ń yan ẹja kò lè fi ààrò sílẹ̀ lọ se oúnjẹ ọ̀sán. Ọmọ iléèwé náà ní ọ̀nà omi tí yóò là kọjá. Ohun tí gbogbo wọn nílò ni oúnjẹ díẹ̀ tó lágbára, tí èèyàn lè jù sẹ́nu láìdáná, láìbu omi, láìwá abọ́.

Mẹ́ta nínú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni orí yìí yóò kọ́ yín: dọ́ńkwá, àádùn, àti róbótó àgbọn òun dàbínò. Òkè Ọya ni dọ́ńkwá ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Àwọn Hausa ń pè é ní dakuwa. Àádùn jẹ́ tiwa láti ilẹ̀, ó sì wà lára ohun tí a fi ń wúre fún ọmọ tuntun níbi ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀kẹta ni a fi ohun tó wà létí òkun àti lọ́wọ́ àwọn alátẹ dá sílẹ̀.

Òfin méjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Òfin kìíní: ohun tí kò ní rí iná lẹ́yìn tí a bá pò ó, kó ti rí iná dáadáa kí a tó pò ó. Búrẹ́dì máa ń wọ ààrò lẹ́yìn pípò, iná á sì pa kòkòrò tó bá fara pamọ́ sínú ìyẹ̀fun. Ìpápánu tiwa kò ní àǹfààní yẹn. Ní ọdún 2016, èèyàn 63 ni kòkòrò E. coli kó àìsàn bá ní Amẹ́ríkà nítorí ìyẹ̀fun wíìtì. Àwọn kan nínú wọn tọ́ ìyẹ̀fun pípò wò kó tó jinná ni. Nítorí náà, ẹ má fi láfún tàbí púpurú ṣe ìpápánu wọ̀nyí. Lóòótọ́, púpurú ti jókòó lórí èéfín, ṣùgbọ́n orí iná la ti ń rò ó kó tó di oúnjẹ. Gaari ni ẹ lè lò, torí wọ́n ti yan án nínú agbada. Síbẹ̀, eṣinṣin àti eruku ọjà ti bà lé e, ẹ tún un yan fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Òfin kejì: ẹ má jẹ́ kí omi kàn án. Kòkòrò àìfojúrí kì í lè bí sí i níbi tí omi kò bá sí. Orí òye yìí ni André Briend, dókítà ọmọdé ará Faransé, àti Michel Lescanne dúró lé nígbà tí wọ́n ṣe Plumpy'Nut ní ọdún 1996 fún àwọn ọmọ tí ebi ti mú wọn rù kan egungun. Ẹ̀pà lílọ̀, mílíìkì oníyẹ̀fun, ṣúgà, òróró àti àwọn fítámì ló wà nínú rẹ̀. Wọn kì í sè é, wọn kì í bu omi sí i, ọmọ á kàn fún un lá láti inú ọ̀rá. Ọ̀rá kan, tó jẹ́ 92 gíráàmù, ní 500 kálórì nínú. Ẹ wo bí èyí ti kàn wá tó: ní Abereke, omi tó yí ilé ká níyọ̀, ó sì dọ̀tí, omi òjò inú dúrọ́ọ̀mù náà kò sì ṣeé fọkàn tán nígbà gbogbo. Oúnjẹ tí omi kò kàn kò lè kó àrùn inú omi wọlé. Ọwọ́ yín nìkan ló kù: ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó máa mọ nǹkan.

Ṣíṣa ẹ̀pà àti àgbàdo

Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo orí yìí kì í ṣe lọ́dọ̀ iná, orí àtẹ ló wà. Ẹ̀pà àti àgbàdo tó bá bu lára lè ní májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tó sì lè fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ bí èèyàn bá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àṣírí rẹ̀ ti kọ́kọ́ tú ní ọdún 1960, nígbà tí tòlótòló tó lé ní 100,000 kú lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ ẹran tó ní ẹ̀pà bíbu nínú. Ní Kẹ́ńyà ní ọdún 2004, àgbàdo tí wọn kò gbẹ dáadáa pa èèyàn tó lé ní 100. Iná ààrò wa kò lè pa májèlé yìí tán, ata àti atalẹ̀ kò sì lè bò ó mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ etí òkun tó máa ń tutù rinrin ni irú èyí tí èébu fẹ́ràn. Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ ra ẹ̀pà àti àgbàdo ní odidi. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti lọ̀, torí ẹ kò lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.
2. Bí ẹ bá dé ọjà Igbókọ̀dá, ẹ ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò ọlọ́jà, kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, ẹ kọjá síwájú.
3. Nílé, ẹ dà á sórí àtẹ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ẹ ṣa gbogbo èyí tó ti dúdú, tó hunjọ, tó ní àwọ̀ ewé tàbí tí kòkòrò ti lu, kí ẹ sì sọ ọ́ nù. Ẹ má fún adìẹ jẹ.
4. Lẹ́yìn yíyan, ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ̀pà tó bá korò, ẹ tu ú jáde, kí ẹ tún ìyókù ṣà.

Àwọn èròjà amúnimóoru

Atalẹ̀ ni àgbà. Èyí tó gbẹ ni kí ẹ lò, kì í ṣe tútù, nítorí òfin kejì. Gúúsù Kaduna ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ní ọdún 2023, àrùn kan wọ oko atalẹ̀ níbẹ̀, ó pa ọ̀pọ̀ rẹ̀ run, owó rẹ̀ sì fò sókè. Bí ó bá tún wọ́n, ẹ lo ìdajì, kí ẹ fi ìyèrè kún un.

Kànáfùrù ní agbára tó pọ̀, orí mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó fún ìpò kan. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnu á kú bíi ti ẹni tó fi oògùn eyín sẹ́nu.

Ìyèrè bá ohun oníyọ̀ mu, pàápàá edé. Atare bá àgbọn mu. Òun ni àwọn òyìnbó oníṣòwò ayé àtijọ́ ń wá kiri tí wọ́n fi sọ apá kan etí òkun tó di Làìbéríà lónìí ní Etíkun Hóró. Ẹ̀ẹ̀rù náà dára, ṣùgbọ́n ara pódi rẹ̀ ni òórùn dídùn wà, hóró inú rẹ̀ korò. Ẹ gbọn hóró náà dà nù kí ẹ tó gún un.

Gbogbo èròjà wọ̀nyí ni ẹ ó gbé sórí agbada gbígbẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, títí òórùn wọn á fi gba ilé kan, kí ẹ tó gún wọn.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń mú ara gbóná? Lọ́dún 1997, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, David Julius, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí èròjà amúaradàgbà kan lára iṣan ìmọ̀lára tó ń dáhùn sí iná gidi, tó tún ń dáhùn sí ata. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó mú kó pín nínú ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2021. Ohun tó túmọ̀ sí fún wa ni pé ata ń sọ fún ara pé iná ti dé nígbà tí iná kankan kò dé. Ara á gbà á gbọ́, á sì máa làágùn, òógùn yẹn á sì tún kó ooru jáde. Nítorí náà, apẹja tí òjò ti pa kò gbọ́dọ̀ fi dọ́ńkwá rọ́pò aṣọ gbígbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ògógóró: ó ń fa ẹ̀jẹ̀ gbígbóná wá sí awọ ara, ooru inú á sì máa jò lọ. Agbára tó wà nínú àgbàdo, ẹ̀pà àti epo ni ara ń fi ṣe ooru gidi. Èròjà wà fún adùn, fún òórùn àti láti mú ẹnu jí.

1. Dọ́ńkwá

Èyí yóò fún yín ní bíi róbótó 16, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì.

- Àgbàdo gbígbẹ, agolo mílíìkì 2
- Ẹ̀pà tí a ti ṣà, agolo 2
- Ṣúgà, ṣíbí ìjẹun 4
- Atalẹ̀ gbígbẹ lílọ̀, ṣíbí tíì 2
- Kànáfùrù, orí 6
- Ata gbígbẹ lílọ̀, ìdajì ṣíbí tíì
- Iyọ̀ díẹ̀

Ẹ yan àgbàdo lórí iná tí kò le, kí ẹ máa rò ó láìdúró fún bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ó jinná nígbà tí ara rẹ̀ bá pọ́n dáadáa, tó sì fọ́ lábẹ́ eyín wẹ́rẹ́. Ẹ yan ẹ̀pà lọ́tọ̀, torí ó ń yá jinná ju àgbàdo lọ. Bí ẹ bá ń fi iyanrìn yan án, kó má jẹ́ iyanrìn etí òkun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bù; ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a gbẹ, ẹ sì sẹ́ ẹ kúrò lára ẹ̀pà pátápátá. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì tutù. Ẹ fi ọwọ́ ra ẹ̀pà, kí ẹ fẹ́ eèpo rẹ̀ dà nù.

Ẹ lọ àgbàdo pẹ̀lú kànáfùrù ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ èlùbọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń lọ ata tútù, torí omi ata wà ní gbogbo ihò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, odó ló kàn. Ẹ kọ́kọ́ gún ẹ̀pà títí epo rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, kí ẹ wá máa bu ìyẹ̀fun àgbàdo, ṣúgà, atalẹ̀, ata àti iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa gún un lọ. Nígbà tí ẹ bá di ẹ̀kúnwọ́ kan mú, tí kò fọ́, ó ti tó. Ẹ mọ ọ́n ní róbótó, kí ẹ fún un mọ́ra gidigidi, kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè nínú rẹ̀.

Róbótó kan á wọn bíi 30 gíráàmù, á sì ní nǹkan bíi 140 kálórì. Ṣúgà inú rẹ̀ kò tó ṣíbí tíì kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2015 pé kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ má kọjá ìdá mẹ́wàá agbára tí à ń jẹ lójúmọ́, pé ìdajì ìyẹn tún sàn jù. Fún àgbàlagbà, ìdajì yẹn jẹ́ bíi ṣíbí tíì mẹ́fà. Dọ́ńkwá méjì kò tíì ba ìṣirò yìí jẹ́. Mẹ́fà pẹ̀lú ìgò mínírà kan á bà á jẹ́.

2. Àádùn tó ní edé

Àgbàdo ní agbára, ṣùgbọ́n èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ kò pé. Lysine tí ara nílò kò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀pà náà kò ní i tó. Edé ní i dáadáa, kò sì sí ẹni tó máa kọ́ ará Ìlàjẹ ní ibi tí edé wà. Ìdí nìyí tí a fi fi kún àádùn etí omi.

- Àgbàdo yíyan tí a lọ̀ kúnná, agolo 2
- Edé gbígbẹ lílọ̀, ṣíbí ìjẹun 3
- Epo pupa, ìdajì agolo
- Ìyèrè, hóró 10, gígún
- Ata gbígbẹ àti iyọ̀, bó ṣe bá ẹnu yín mu

Ẹ ṣa iyanrìn àti ìdọ̀tí kúrò lára edé, ẹ tún un yan lórí agbada títí yóò fi máa dún wára-wára lọ́wọ́, kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Edé tó bá ṣì rọ̀ kò tíì gbẹ. Ẹ gbé epo pupa sórí iná díẹ̀ kó kàn gbóná. Ẹ má jẹ́ kó funfun: àwọ̀ pupa yẹn gan-an ni ara ń sọ di fítámì A, iná tó bá sì bó àwọ̀ náà ti ba àǹfààní rẹ̀ jẹ́. Ẹ má sì dà á kọjá ìwọ̀n, torí bíi ìdajì ọ̀rá inú epo pupa ni irú èyí tó máa ń di, tí kò yẹ kó pọ̀ lápọ̀jù fún ọkàn.

Ẹ po ìyẹ̀fun, edé àti èròjà pọ̀ ní gbígbẹ. Ẹ máa ta epo sí i ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa fi ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí gbogbo rẹ̀ á fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí yóò sì ṣù mọ́ra. Ẹ lè gé e ní gígùn, ẹ sì lè mọ ọ́n ní róbótó. Ẹni tó fẹ́ èyí tó dùn, kó yọ edé àti ìyèrè kúrò, kó fi oyin ṣíbí ìjẹun méjì, atalẹ̀ àti kànáfùrù díẹ̀ rọ́pò.

3. Róbótó àgbọn òun dàbínò

- Dàbínò tó rọ̀, 20
- Àgbọn tó gbó, 1
- Ẹ̀pà yíyan, agolo 1
- Gaari tí a tún yan, tí a sì lọ̀, ṣíbí ìjẹun 4
- Atalẹ̀ lílọ̀, ṣíbí tíì 1
- Atare, hóró 5, gígún

Dàbínò ti rin ìrìn jíjìn nínú àpò, èèyàn púpọ̀ ló sì ti fọwọ́ kàn án. Ẹ da omi híhó lé e, ẹ sẹ́ ẹ kíákíá, kí ẹ sì gbé e sórí agbada títí ara rẹ̀ á fi gbẹ. Ẹ yọ kóró rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ka kóró náà, ogún ni ó gbọ́dọ̀ pé. Èyí tó bá fara pamọ́ lè fọ́ eyín àgbàlagbà, ó sì lè há ọmọ lọ́fun. Ẹ rẹ́ àgbọn, ẹ yan án lórí iná jẹ́jẹ́ títí yóò fi gbẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ á sì dà bí ti gaari Ìjẹ̀bú. Ẹ gún dàbínò di ọ̀kan, ẹ da ìyókù sí i, ẹ gún un pọ̀, kí ẹ sì mọ ọ́n. Adùn dàbínò ti tó, a kò nílò ṣúgà.

Ìtọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn mímọ

Iná mànàmáná kò dúró ní etí òkun wa, a kò sì fi fíríìjì ṣe ìṣirò kankan nínú orí yìí. Ike tí ìdérí rẹ̀ ń há dáadáa ni fíríìjì wa. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ nínú oòrùn, ẹ má sì fi ìpápánu sínú rẹ̀ nígbà tó bá ṣì gbóná, torí ooru á di omi sára ìdérí, omi á sì kán padà sórí oúnjẹ.

Ẹ jẹ dọ́ńkwá tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àádùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ti àgbọn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Fún ẹni tó ń lọ sójú omi, ẹ di méjì tàbí mẹ́ta sínú ọ̀rá kan, kí ẹ kó àwọn ọ̀rá náà sínú ike. Tó bá tú ọ̀kan, omi òkun kò ní ta sí ìyókù. Kó sì mú omi mímu dání, torí oúnjẹ gbígbẹ ń béèrè omi nínú ara.

Bí ẹ bá fẹ́ dì í, kí ẹ lẹ orúkọ mọ́ ọn, kí ẹ sì máa gbé e lọ tà ní ìlú ńlá, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ní láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó dé orí igbá.

Àwọn tó yẹ kó ṣọ́ra

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ lá oyin rárá. Kòkòrò kan wà tó lè wà nínú rẹ̀ tí ìfun ọmọ kékeré kò tíì lè borí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀pà oníhóró, kó má baà há a lọ́fun. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná fún un, kí ẹ sì jókòó tì í. Ẹni tí ẹ̀pà tàbí edé máa ń mú ara rẹ̀ wú kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Onítọ̀ọ̀gbẹ lè jẹ àádùn oníyọ̀, ṣùgbọ́n kó ka agbára àgbàdo mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Aláboyún lè jẹ atalẹ̀ bí a ti ń fi sí oúnjẹ, ó tilẹ̀ máa ń dín èébì kù, ṣùgbọ́n kó má fi atare, ìyèrè àti ẹ̀ẹ̀rù ju ti inú ọbẹ̀ lọ. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó máa jẹ atalẹ̀ púpọ̀.

Bó bá yí padà lọ́wọ́ yín

Kò ṣù, ó ń fọ́ yángá: epo ẹ̀pà kò tíì yọ tó. Ẹ dá a padà sínú odó, ẹ tún un gún. Bí kò bá gbà, ẹ fi òróró ẹ̀pà ṣíbí ìjẹun kan sí i. Ẹ má bu omi.

Ó rọ̀ jù, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́: ẹ fi ìyẹ̀fun àgbàdo yíyan kún un.

Ó ń ta ẹnu jù: ẹ lọ àgbàdo àti ẹ̀pà mìíràn láìní èròjà, kí ẹ pò ó mọ́ ọn. Ṣúgà kò lè pa ata.

Ó rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan: ìdérí ike ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Bí òórùn rẹ̀ bá ṣì dára, tí kò sì bu, ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì pààrọ̀ ike.

Ó ń rùn bí epo àtijọ́, tàbí èébu hàn lára ẹyọ kan: ẹ da gbogbo ike náà nù. Ẹ má gé ibi tó bu kúrò kí ẹ jẹ ìyókù, ẹ má sì tún un yan.